Bíà kíkorò tí wọ́n ń pọn lójú oníbàárà: ṣé èrè wà níbẹ̀ fún onílé-ọtí Dọpẹmu?

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì Dọpẹmu lẹ́yìn aago méje alẹ́, tó wá forí lé ọ̀nà Akowọnjọ, kò ní í rìn jìnnà kó tó rí ilé-ọtí. Àga rọ́bà wà níta, tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, onísùyà ń fẹ́ná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fíríìjì onígíláàsì sì wà nínú lọ́hùn-ún. Bí onítọ̀hún bá kúrò nínú ti àkọ́kọ́ tó bọ́ sí èkejì, bíà kan náà ló máa bá níbẹ̀: Star, Gulder, Trophy, Guinness àti àwọn yòókù wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà kan náà ni wọ́n ti ń kó o, iye tí wọ́n ń tà á kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Nǹkan tí àwọn onílé-ọtí wá fi ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kò ju mẹ́ta lọ: bíà tó tutù dáadáa, pẹpẹsúùpù tó ta lẹ́nu, àti jẹnẹrétọ̀ tí kò ní í kú nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́. Èrè orí igo kan kéré. Iléeṣẹ́ tó ṣe é á ti dá iye lé e, alágbàtà á gba tirẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló máa kan ẹni tó ń ṣí ìdérí. Bí iléeṣẹ́ bá sì fi owó kún un lónìí, onílé-ọtí ni oníbàárà máa kọ́kọ́ bú.

Ọ̀kan lára àwọn onílé-ọtí àdúgbò náà ló bi akọ̀ròyìn wa ní ìbéèrè tó bí ìwádìí yìí. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ń pọn bíà tiwọn nínú ilé-ọtí wọn, tí wọ́n ń fà á láti inú dírọ́ọ̀mù bọ́ sínú ife lójú oníbàárà, láìsí igo, láìsí kíréètì, láìsí alágbàtà. Ó ní ṣé kì í ṣe pé èrè tí ẹni mẹ́ta ń pín ni ẹni kan ṣoṣo ń kó sápò bẹ́ẹ̀?

Brewpub ni àwọn òyìnbó ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilé-ọtí apọntí la ó máa pè é níbí, kí ọ̀rọ̀ lè yé gbogbo wa. Àwọn tó ń fi bíà òyìnbó ṣe é ní Nàìjíríà kò pọ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ hàn jù ni Bature Brewery, tó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá kó tó wá ṣílẹ̀kùn sí Victoria Island l'Ékòó. Ẹni tó bá gbọ́ èdè Hausa á ti rẹ́rìn-ín, nítorí òyìnbó ni wọ́n ń pè ní bature, ọmọ Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà tí òwò yìí ti gbilẹ̀, ìtàn ọkùnrin kan wà tó yẹ kí oníṣòwò gbọ́. Bert Grant lorúkọ rẹ̀. Ìlú Dundee ní Scotland ni wọ́n ti bí i, ó sì ti pẹ́ nídìí òwò bíà àti ti hops, ìyẹn òdòdó tó ń jẹ́ kí bíà korò. Lọ́dún 1982, ó ṣí ilé-ọtí apọntí kan sí ìlú Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà láti ìgbà tí ìjọba wọn ti fòfin de ọtí láàárín 1920 sí 1933. Bíà tó fi bẹ̀rẹ̀, Scottish Ale, pọ́n bí oyin, ó sì korò ju èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń mu lásìkò náà lọ dáadáa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Yakima? Àfonífojì Yakima ni wọ́n ti ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú hops Amẹ́ríkà. Ohun tí ẹlòmíì ní láti fi ọkọ̀ ojú omi kó wá, ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin yìí ló ti ń hù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Kí ọ̀rọ̀ má baà di àgbọ́sọ, akọ̀ròyìn yìí bá onílé-ọtí méjì láti Dọpẹmu gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó di ilé-ọtí apọntí kan lórí Erékùṣù. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èkejì ni ọkùnrin tó bi wá ní ìbéèrè ọjọ́sí, kò tíì pé ogójì ọdún. "Ọmọ mi" ni Màmá ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọra, tó sì jẹ́ pé oníbàárà kan náà ni wọ́n jọ ń dù.

Amber ale la bèèrè fún. Ìdí tí a fi mú un ni pé àárín ló wà: kò fúyẹ́ bíi bíà tí a mọ̀, kò sì dúdú bíi sítáòtù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti pẹ́ nínú igo, ìhó orí rẹ̀ nípọn, kì í sì í tètè lọ. Kí ẹ tó gbé e dẹ́nu ni òórùn rẹ̀ ti máa dé imú yín, bíi ti èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ bó, tí òórùn ewé tútù sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá kan ahọ́n, adùn ló máa ń kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe adùn ṣúgà, ó dà bí ìgbà téèyàn jẹ èèpo búrẹ́dì tó pọ́n dáadáa nínú ààrò. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ti gbé e mì tán ni ìkorò tó dé. Ẹ̀yìn ahọ́n ló ń jókòó sí, kì í sì í tètè dìde, bíi ti orógbó gẹ́lẹ́.

Màmá fajú ro. Ó bi wá bóyá àgbo ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ó ní omi ewúro tí wọ́n fọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lòun rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ẹran ewúrẹ́ yíyan dé, a rí i tí Màmá tún nawọ́ sí ife náà, ó tún nà án lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní ó ń fọ ọ̀rá ẹran kúrò lẹ́nu òun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́nu tèmi. Bíà tí kò dùn mí mu lásán bẹ̀rẹ̀ sí í dùn nígbà tí ẹran wà níbẹ̀.

Ojú aago ni ojú ọkùnrin yẹn wà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínlógójì, kò sí ẹni tó mu ju ìdajì ife lọ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ní Dọpẹmu, láàárín àkókò yẹn, oníbàárà òun á ti fa igo ńlá kan tán, á sì ti pe èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àga tó wà nínú ilé náà, ó ń ṣírò iye tí àga kan ń pa wọlé láàárín wákàtí kan. A rò pé ojú oníṣòwò gidi nìyẹn. Bíà tó korò tó sì ní òórùn tó lágbára kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà sọ́nà ọ̀fun. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mu ún, nítorí náà ife kan ní láti mú èrè wá ju igo kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àga á kún ṣùgbọ́n àpò á gbẹ.

Àwọn kan á sọ pé ọmọ Nàìjíríà kì í mu ohun tó korò. Irọ́ ni. Sítáòtù korò, síbẹ̀ láti 1962 tí Guinness ti ṣí iléeṣẹ́ wọn n'Íkẹjà, tí kò jìnnà sí Dọpẹmu rárá, a kò tíì yéé mu ún. Lọ́dún 2013, iléeṣẹ́ kan náà gbé Orijin jáde, ọtí tó ní adùn egbò àti ewé, kíá ló sì gba ìgboro. Kí Orijin tó dé ni Alomo Bitters láti Gánà ti wà nínú ilé-ọtí wa. Ìkorò kọ́ ni ìṣòro ilé-ọtí apọntí. Iye tí ìkorò náà ń náni ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń korò. Ọkà báálì ni wọ́n ń rẹ sínú omi títí tó fi máa hù, wọ́n á wá sá a, wọ́n á fi iná yan án. Èyí tí wọ́n bá yan pẹ́ díẹ̀ ló ń fún amber ale ní àwọ̀ pupa àti adùn búrẹ́dì yẹn. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n á sẹ́ ẹ, omi dídùn tó jáde ni wọ́n ń sè. Inú ìkòkò yìí ni wọ́n ń ju hops sí. Èyí tí wọ́n bá jù sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sè fún bíi wákàtí kan, ìkorò nìkan ló máa fi sílẹ̀, òórùn rẹ̀ á ti bá ooru lọ. Èyí tí wọ́n bá jù sí i nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, òórùn ló ń mú wá. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ ewúro á ti mọ ohun tí à ń sọ. Ìgbà tí ewé wọ inú ìkòkò ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i, wọ́n á sì gbé e síbi tí ooru rẹ̀ kò kọjá bíi ogún lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló tó fún ale. Lager, irú èyí tí Star jẹ́, ń fẹ́ òtútù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè gbà tó oṣù kan tàbí méjì. Ìdí nìyí tí àwọn apọntí kéékèèké fi fẹ́ràn ale: owó wọn kì í pẹ́ jù nínú dírọ́ọ̀mù.

Ó wá ku ìṣirò. Ká ní èèyàn fẹ́ pọn ọgọ́rùn-ún lítà. Ó máa lo bíi kílò márùndínlọ́gbọ̀n ọkà báálì híhù, ìyẹn odindi àpò kan, pẹ̀lú hops tí kò ní í tó ìdajì kílò. Ó ya àwa náà lẹ́nu pé ohun tó sọ bíà náà lórúkọ kò wúwo ju ìdajì páálí ṣúgà lọ. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọkà àti hops ti ń wá, dọ́là la sì fi ń rà wọ́n.

Ẹ mú un pé àpò ọkà yẹn jẹ́ dọ́là ogójì. Kó tó di oṣù kẹfà 2023, tí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà, bíi ₦460 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ báńkì. Ọkà náà á jẹ́ ₦18,400. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500. Àpò kan náà, láìsí pé ẹni tó ń tà á fi sẹ́ńtì kan kún un, ti di ₦60,000. Kò sí oníbàárà tó máa gbà kí iye ife bíà rẹ̀ gùn bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ.

Iná ló tún kàn. L'Ékòó wa níbí, kò sí yàrá tí ooru rẹ̀ ń jẹ́ ogún fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ká ní ẹ̀rọ kékeré kan ń fa 800 wáàtì, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Yúnìtì iná 134 àti díẹ̀ ni. Ní ₦225 tí wọ́n sọ yúnìtì kan dà fún àwọn tó wà ní Band A ní oṣù kẹrin 2024, ₦30,240 ni, bí iná kò bá lọ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Dọpẹmu mọ̀ bóyá iná máa ń lọ.

Nínú ọgọ́rùn-ún lítà yẹn, bíi mẹ́wàá á bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ. Àádọ́rùn-ún lítà tó kù jẹ́ ọgọ́sàn-án ife, bí ife kan bá gba ìdajì lítà. Ẹ pín owó ọkà àti ti iná sórí rẹ̀: ₦333 lórí ọkà, ₦168 lórí iná. ₦501 ti wọ inú ife kan kí a tó dárúkọ hops, ìwúkàrà, gáàsì, omi, owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ilé àti owó orí.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tí ọkùnrin yẹn tètè rí. Bó bá jẹ́ dírọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà nínú yàrá kan náà, iná tí ẹ̀rọ ń fà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ₦168 orí ife kan á sì di ₦56. Ọgbọ́n tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń ta bíà wọn ní iye tí apá wa ká nìyẹn, láti ọdún 1949 tí igo Star àkọ́kọ́ ti jáde l'Ékòó. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn du iye, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Apọntí kékeré kò lè dín iye ju tiwọn lọ láé. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ló gbọ́dọ̀ máa tà.

Ibí la ti máa padà sí ọ̀rọ̀ Yakima. Hops kì í hù dáadáa níbí. Ó ń fẹ́ òtútù láti fi sùn fún oṣù díẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọ̀sán gígùn nígbà tó bá ń dàgbà, tó lè tó wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ọ̀sán tiwa kì í yà kúrò ní nǹkan bíi wákàtí méjìlá láti ọdún dé ọdún. Ní South Africa, àwọn tó ń gbìn ín nítòsí ìlú George ti tan iná mànàmáná sínú oko rí, kí ewéko náà lè rò pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. A kò ní iná tá a máa tàn sínú ilé, ká má tíì sọ ti oko. Kí ni wá ń hù ní ẹ̀yìnkùlé tiwa?

Ìjọba Ọ̀gágun Babangida ló kọ́kọ́ fi agídí bi àwọn iléeṣẹ́ bíà ní ìbéèrè yìí. Láti oṣù kìíní 1988, wọ́n fòfin de kíkó ọkà báálì híhù wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bíà ti parí ní Nàìjíríà. Kò parí. Ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn iléeṣẹ́ yíjú sí, wọ́n tún ẹ̀rọ wọn ṣe, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wa ṣiṣẹ́ sí i, ọmọ Nàìjíríà sì ń mu ún lọ. Nígbà tó yá, wọ́n yọ òfin náà kúrò, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà wa títí dòní.

Kì í ṣe pé ó rọrùn o. Agbára tí ọkà báálì híhù fi ń sọ ara rẹ̀ di ohun dídùn nínú omi gbígbóná kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọkà bàbà. Ooru tó ń fẹ́ kó tó rọ̀ ju ti báálì lọ. Kò sì ní èèpo tó máa ṣe bí asẹ́, nítorí náà sísẹ́ rẹ̀ máa ń dí. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ra èròjà tó ń ràn án lọ́wọ́. Apọntí kékeré lè po méjèèjì pọ̀, kó fi ọkà bàbà ṣe ìdajì, kó fi báálì ṣe ìdajì. Ìdajì owó dọ́là ti lọ nìyẹn.

Ìkorò náà ńkọ́? Àwọn òyìnbó fúnra wọn kò fi hops bẹ̀rẹ̀. Oríṣiríṣi ewé ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ bíà wọn láyé àtijọ́. Òfin Bavaria ti ọdún 1516, ní ilẹ̀ Jámánì, tó ní kí bíà má ní ju báálì, hops àti omi lọ, wà lára ohun tó lé àwọn ewé yòókù jáde nílẹ̀ wọn. Nílẹ̀ tiwa, àwọn olùwádìí ní yunifásítì ti gbé ewúro, orógbó àti arọ̀kẹ̀kẹ̀, èyí tí àwọn Ígbò ń pè ní utazi, wò bóyá wọ́n lè rọ́pò hops. Ìkorò ń bẹ nínú wọn dáadáa, wọ́n sì ń dènà díẹ̀ lára àwọn kòkòrò tó ń ba ọtí jẹ́. Òórùn èèpo ọsàn yẹn ni wọn kò ní. Èyí tó fi òórùn tirẹ̀ hàn nínú wọn, oníbàárà ló máa sọ bóyá ó dára.

Nígbà tí a sọ èyí fún Màmá, ó ní ta ló sọ pé òórùn ọsàn ṣòro? Ó ní kí wọ́n bó èèpo ọsàn sí i. A wò ó, kò sí ẹni tó rí èsì fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn ará Belgium ń fi èèpo ọsàn sínú irú bíà wọn kan, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ó yẹ ká rántí pé ilé-ọtí apọntí kì í ṣe àjèjì níbí. Kí kíréètì tó dé, àwọn ìyá wa ni apọntí, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ilé wọn náà ni wọ́n sì ti ń tà á. Bùrùkùtù àti pitó, tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, ṣì wà ní òkè ọya, àwọn ará ibẹ̀ sì kó o wá sí Èkó. Ní àríwá Benin, tchoukoutou ni wọ́n ń pè é. Ní Burkina Faso, dólò ni, obìnrin ló ń pọn ún, òun náà ló ń tà á lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì fi rán ọmọ nílé ìwé. Kò sí igo, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n ń pọn ìwọ̀n tí wọ́n lè tà tán láàárín ọjọ́ kan sí méjì, nítorí ó máa ń kan. Àbùkù ni ẹlòmíì máa ka èyí sí. Lójú tiwa, ohun tó dáàbò bo owó wọn nìyẹn: kò sí ọjà tó ń sùn sórí àtẹ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni òfin. Ẹni tó bá fẹ́ ta bíà tó pọn fúnra rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ní Dọpẹmu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ NAFDAC. Oúnjẹ tàbí ohun mímu tí wọ́n bá ṣe láti tà gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sì wá wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, omi tí wọ́n ń lò, àti bí wọ́n ṣe ń fọ ohun èlò. Ìjọba àpapọ̀ tún ń gba owó orí pàtó lórí bíà tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ yìí. Àṣẹ títa ọtí sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí ìwé òfin 1999 ṣe là á sílẹ̀. Ẹni tó ti ń ta bíà igo lè ti ní èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Àwọn yòókù ni kò ní. Kí ẹnikẹ́ni má sì ra dírọ́ọ̀mù kó tó béèrè, nítorí yàrá ẹ̀yìn ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní táìsì, tí omi kò ráyè jáde níbẹ̀, kò lè kọjá lójú wọn.

Ọ̀nà kejì wà tí kò gba owó púpọ̀. Onílé-ọtí lè máa ra bíà inú kẹ́ẹ̀gì lọ́dọ̀ apọntí kékeré tó ti ní ìwé, kó máa fà á fún oníbàárà. Ewu rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ irú bíà bẹ́ẹ̀ kì í gba iná pa kòkòrò bíi ti inú igo. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ẹnu ọ̀nà yín, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ kó tó yí adùn padà. Ẹ gbọ́dọ̀ máa fọ ọ̀pá tó ń gbà kọjá déédéé. Ẹni tí kò bá lè ta ogún lítà láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò tíì tó o rà. Ẹ lọ ka oníbàárà yín, kì í ṣe gbogbo wọn, àwọn tó ń jẹ ẹran pẹ̀lú ọtí wọn tí wọn kì í sì í kánjú dìde. Àwọn nìkan ló máa ra èyí.

Títí di àsìkò tí a fi ń kó ìròyìn yìí jọ, ọkùnrin yẹn kò tíì lọ sí NAFDAC, kò sì tíì ra dírọ́ọ̀mù kankan. Ohun tó ṣe ni pé ó ra kóńgò ọkà bàbà mẹ́rin, ó rẹ ẹ́ sínú abọ́ lẹ́yìn ilé láti mọ bó ṣe ń hù, fún ara rẹ̀, kì í ṣe fún títà. Ti àkọ́kọ́ bu. Ó ti rẹ òmíràn. Màmá ní òun kò bá a dá owó sí i o, ṣùgbọ́n kó tó da èyíkéyìí nù, kó kọ́kọ́ gbé e sọdá títì wá kí òun tọ́ ọ wò.